Ọjọ́ tí Láfún Ìyá Delight Bá Òjò Lọ

Ní Kàbbà, tí ẹ bá rí obìnrin tó ń sáré lọ sórí àpáta nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sáré wọlé, ẹ má bi í pé kí ló ń lé e. Láfún tó sá síbẹ̀ ló ń sáré lọ kó kí òjò tó bá a kó o. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́, a ò sì rò ó rí pé eré náà lè pani.

Ayọ̀kẹ́mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Delight, wà lára àwọn tó mọ eré náà sá jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn ìsìn, ó ń yẹ ẹ̀gẹ́ tó rẹ sínú ike ńlá wò. Ó ti rọ̀ dáadáa, ó tó yọ. Lópin ọ̀sẹ̀ náà ni Delight, àkọ́bí rẹ̀, máa padà sí ilé-ìwé gíga, láfún yìí ni yóò sì máa jẹ títí di Kérésì. Bàbá ọkọ rẹ̀, Pa Dáramọ́lá, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun.

Ibẹ̀ ni Anti Tóyìn bá wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, òun ló máa ń bá àwọn àgbẹ̀ àdúgbò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn.

"Okun o, Baba. Ìyá Delight, okun o. Ṣé ọ̀la lẹ fẹ́ sá ẹ̀gẹ́ yìí?"

"Ọ̀la ni. Àpáta ti ń pè mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá a lóhùn." Ó mú fóònù jáde. "Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ti sọ ti agbègbè wa fún ọ̀sẹ̀ yìí. Láti ọ̀la títí di Ọjọ́rú, òjò alárá lè máa rọ̀ lọ́sàn-án. Ọjọ́bọ̀ ni oòrùn máa padà, ó sì lè ràn di Àbámẹ́ta."

Baba fi àgbàdo sílẹ̀. "Oòrùn ni rédíò sọ láàárọ̀."

"Lọ́kọ́ja ni wọ́n dárúkọ, Baba. Òjò Lọ́kọ́ja kọ́ ni òjò Kàbbà."

"Ó dáa. Ìkùukùu bo orí òkè láàárọ̀ yìí, àbí kò bò ó? Bó bá ti bò ó, òjò ò ní rọ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi kí wọ́n tó bí ẹni tó bí fóònù."

Anti Tóyìn rẹ́rìn-ín. "Òkè lè sọ ti òní fún wa, Baba. Kò lè sọ ti Ọjọ́rú." Ó yíjú sí Ìyá Delight. "Ẹ kó ẹ̀gẹ́ yìí sínú àpò, kí ẹ gbé òkúta lé e lábẹ́ àtíbàbà, kó máa ro omi nù títí di Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá sì ti gbọ́ àrá, bó tiẹ̀ jìnnà, ẹ má gun àpáta. Ibi gbalasa ni, ẹ̀yin lẹ máa ga jù níbẹ̀. Ẹ má sì sá sábẹ́ igi igbá, igi irú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Abẹ́ rẹ̀ la ti ń sá sí láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ!"

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi yà nìyẹn."

Ìyá Delight ro ó títí, ó wá pín in sí méjì. Ó kó ìdajì sínú àpò, ó gbé òkúta lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ó lọ sá ìdajì yòókù sórí àpáta. Ó ní bí fóònù bá parọ́, òun ò pàdánù. Bí òkè bá parọ́, òun ò pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, oòrùn ràn bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Baba ní kí wọ́n bá òun kí fóònù Tóyìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ojú ọ̀run dúdú láti ìhà Bùnù. Àrá kùn lókèèrè. Ìyá Delight gbá abọ́ ńlá mú, ó ta kìjí sọ́nà. Kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà tí nǹkan fi di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ọwọ́ Baba ni.

"Baba, ẹ fi mí sílẹ̀! Oúnjẹ ọmọ ni!"

"Ìyá mélòó ni Delight ní?"

Ó tún fa aṣọ rẹ̀.

"Mo ní ìyá mélòó ló ní?"

"Ẹyọ kan, Baba."

"Wọlé."

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò gba ọ̀rọ̀ fóònù gbọ́?"

"Mi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò di etí."

Ó wọlé, ó jókòó, ó sì sunkún bí òjò ti ń ya lulẹ̀. Ó dùn ún dénú egungun. Lójijì, ìmọ́lẹ̀ funfun kan kọ yẹ̀rì, ilé mì, Baba sì pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kí wọ́n tó jáde. Láfún ti bá àgbàrá lọ, ojú àpáta mọ́ féfé. Igi igbá ti là sí méjì láti orí dé ìdí, èèpo rẹ̀ sì fọ́n ká ibi tí àwọn obìnrin máa ń jókòó sí. Ìyá Delight wo ibẹ̀. Ó di ọwọ́ Baba mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Òjò tún rọ̀ ní Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀, oòrùn yọ. Ó kó èyí tó wà nínú àpò lọ sá, nígbà tó fi di Àbámẹ́ta, ó ti gbẹ, ó funfun nini.

"Mọ́mì, kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ o," Delight wí bó ti ń di ẹrù.

"Kò pọ̀ tó o lóòótọ́," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣe òmíràn ránṣẹ́ sí ọ ń bẹ."

Títí dòní, bí Baba bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á wo orí òkè, wọ́n á wá pariwo pé, "Òkè ti sọ tirẹ̀. Kí ni Tóyìn wí?"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ máa béèrè bí ojú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò ṣe rí kí ẹ tó wa ẹ̀gẹ́, kí ẹ tó sá nǹkan, kí ẹ tó lọ sóko ọ̀nà jíjìn. Ti agbègbè yín ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ti ìlú ẹlòmíràn. Ó lè yẹ̀ ní ọjọ́ kan bó ṣe yẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yẹn. Ẹ má torí ìyẹn kọ etí ikún sí i. Bí àrá bá ti ń kùn, ẹ kúrò lórí àpáta, ní gbangba oko àti lábẹ́ igi, kí ẹ wọ ilé gidi, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ títí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn. Òjò ò mẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa. Bí láfún bá bá òjò lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ sáà rí i pé ẹni tó máa ṣe òmíràn wà nílé.