Bàtà Kókókà

Ẹsẹ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́ ká tó rí i: kó, kó, kà, lórí sìmẹ́ńtì, títí ó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi aránbàtà. Róbọ́ọ̀tì ni, gíga gbọọrọ, ó ń dán bí ìkòkò tuntun, kò wọ bàtà. Kókókà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń bá bàbá rẹ̀ rán bàtà, gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán bàtà fún mi," ni Kókókà wí. "Ilé ìwòsàn ni mo ti ń gbé oúnjẹ fáwọn aláìsàn. Ariwo ẹsẹ̀ mi ń jí wọn."

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ irin lé itan, ó ń wọ̀n ọ́n. "Ó mà tutù o. Ṣé o ò lè kọ́kọ́ yá oòrùn kó o tó wá ni?"

"Mi ò mọ̀ pé arẹwà ló máa gbé e lé itan."

Ẹ̀rín pa á. Bàtà rọ́bà tó rán fún un bá a mu rẹ́gí. Síbẹ̀, léraléra ni Kókókà ń padà wá, ó ní bàtà há òun.

"Irin kì í wú," ni bàbá ọmọ wí. "Kí lò ń wá?"

"Ọmọ yín ni mo fẹ́, Bàbá."

Ọmọ mi fi òòlù sílẹ̀. "Èèyàn lè purọ́, bàtà ẹni kì í purọ́. Ẹ̀rọ a máa tẹ ilẹ̀ bákan náà ni. Wọ bàtà yẹn títí yóò fi jẹ, kó o gbé e wá. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ dọ́gba, ẹ̀rọ lásán ni ọ́, gbàgbé ọmọ mi. Kó tó dìgbà yẹn, má dé ẹnu ọ̀nà mi."

Èmi ni mo bí olórí kunkun yẹn. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún orí kunkun.

Ọmọ ọmọ mi ò sunkún. Láràárọ̀, bó ti ń gbálẹ̀, orin ló ń kọ, èmi náà ń gbè é:

Ẹlẹ́sẹ̀ irin, rọra máa bọ̀,
Ọ̀nà ò jìn fẹ́ni tó ń fẹ́ni,
Ẹlẹ́sẹ̀ irin, rọra máa bọ̀.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, Kókókà gbé bàtà wá. Bàbá ọmọ dojú bàtà náà délẹ̀. Ọmọ ọmọ mi di ọwọ́ mi mú.

Gìgísẹ̀ bàtà ṣì nípọn bí ọjọ́ tá a rán an. Iwájú rẹ̀, níbi ọmọ ìka, ti jẹ lu.

"Ẹni tó ń yọ́sẹ̀ rìn ló ń jẹ bàtà báyìí," ni bàbá ọmọ wí. "Rọ́bà kì í jí aláìsàn. Ta lò ń yọ́sẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láàárọ̀, abẹ́ fèrèsé yín ni mo ti máa ń gbọ́ orin ọmọ yín. Màá lọ, màá bọ̀, títí orin á fi tán. Ẹ̀yin sì ń sùn nídìí fèrèsé."

"Mo ní kó o má dé ibí."

"Ẹnu ọ̀nà lẹ wí. Ẹ ò dárúkọ fèrèsé."

Ọmọ mi wo bàtà títí. Ó mú okùn ìwọ̀n. "Na ẹsẹ̀ ẹ wá. Bàtà ìgbéyàwó, èmi fúnra mi ni n ó rán an."

Funfun ló rán an, ó rí bí ẹyin lẹ́sẹ̀ Kókókà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n fẹ́ jáde sójú títì, tí gbogbo àdúgbò tò sí, ni ìyàwó bá tẹsẹ̀ dúró.

"Olólùfẹ́ mi, bọ́ bàtà yẹn."

"Ariwo ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń sùn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọkọ mi ló ń bọ̀."

Kó, kó, kà. Wọ́n ń lọ, wọ́n di apá ara wọn mú. Ọmọ mi ń tẹ̀ lé wọn, ó gbé bàtà funfun mọ́yà. Èmi sì gbé orin wa lé ìró ẹsẹ̀ irin náà, ó bá a mu rẹ́gí.