Ọkùnrin Tó Mọ Ìbọn

"Irọ́ ni! Ọta mẹ́fà ni ìbọn yẹn ń gbà. Ó ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹjọ!"

Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti wá, nínú ilé sinimá kan ní Banjul, olú ìlú Gambia, lọ́dún 1974. Fíìmù àtijọ́ àwọn Faransé ni wọ́n ń fi hàn, èyí tí kò ní àwọ̀, tí àwọn olè dé àkẹtẹ̀, tí wọ́n ki ìbọn ìléwọ́ sápò kóòtù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn, síbẹ̀ gbogbo wa dákẹ́, àfi ọkùnrin yìí. Bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá, mo yíjú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbádùn irọ́ wa."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tí wọ́n yìnbọn fún yẹn, ó ṣì ń rojọ́. Ìbọn kì í fún èèyàn láyè ẹjọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ lójijì, ó dìde, ó jáde. Mo fi Nyima ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Mi ò ní purọ́, ọkàn mi ti lọ bá a.

Wàsíù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fún àwọn télọ̀ ní ọjà Albert, níbi tí bàbá mi ti ń ta ìṣó àti àgádágodo. Kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á máa wo ẹnu ọ̀nà.

"Simbi, ààyò mi," á wí, "ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ni mo ti ń sinmi."

Bó bá jẹ́ bó ṣe ń sinmi nìyẹn, kí Ọlọ́run má fi wàhálà rẹ̀ hàn mí!

Nígbà tó wá rí bàbá mi nílé wa ní New Town, èmi òmùgọ̀ ni mo fẹnu ara mi ba nǹkan jẹ́. Mo fẹ́ kí bàbá mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ni, ni mo bá ń ròyìn sinimá: bó ṣe mọ gbogbo ìbọn inú fíìmù, èyí tó máa ń há, èyí tó máa ń ti èèyàn sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń tú wọn palẹ̀.

Bàbá gbé ife tíì sílẹ̀. "Wàsíù, níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Àwọn èèyàn ló ń sọ ọ́, sà."

"Ọmọ ilé ta ni ọ́ ní Ìsẹ́yìn?"

Ó sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, bàbá kọ lẹ́tà sí ilé náà. Nínú tiwa, a kì í fọ́mọ fún ẹni tí a ò wádìí ìdílé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje la fi retí èsì. Ọkàn mi kò sí ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mọ́. Ẹni tó fẹ́ ra àgádágodo, ìṣó ni mò ń wọ̀n fún un. Wàsíù á dé ṣọ́ọ̀bù, á lọ sétí odò, á tún padà.

"Ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé. Kí lò ń bẹ̀rù?"

Á tún wo ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bàbá pè wá, ó ka lẹ́tà náà sókè: "Àlàájì, Wàsíù tí ẹ béèrè ti kú sójú ogun lọ́dún 1968. A ti ṣàdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀. Ta ló ń jẹ́ orúkọ ọmọ wa lọ́hùn-ún?"

Wàsíù bú sẹ́kún.

"Èmi náà ni, sà. Èmi àti Àjàmú, ọmọ àdúgbò wa, la jọ wọ iṣẹ́ ṣójà. Èmi ni mo fà á lọ. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ọta ti bà á, kò lè sọ gbólóhùn kan. Mo ju ìbọn sílẹ̀, mo sá. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìyá rẹ̀?"

"Ìyá tìrẹ ńkọ́?" ni bàbá bi í. "Ọdún mẹ́fà ló ti ń sunkún ọmọ tó wà láàyè. Mi ò lè fi Simbiat fún òkú. Lọ sílé kí wọ́n rí ọ."

"Bàbá, bí kò bá padà ńkọ́?" ni mo kígbe.

"A jẹ́ pé kì í ṣe ọkọ rẹ."

Ní gáréèjì, lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Simbi, sọ pé kí n má lọ."

Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. "Lọ, olówó orí mi," ni mo wí. "Mi ò fẹ́ ọkọ tó ń wo ẹnu ọ̀nà."

Oṣù mẹ́rin, kò sí lẹ́tà. Àwọn ará ọjà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá ti ń dárúkọ ọkùnrin mìíràn létí mi, mo sì ń sá wọ ilé ìdáná bó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Wàsíù wọlé. Ó ti rù, eruku bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó ní ìyá òun ti rí òun, ó tú ẹrù kan: aṣọ òkè, sányán gidi.

"Ta ló fi ránṣẹ́?"

"Ìyá Àjàmú, sà." Ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀. "Kí a tó lọ sógun ló ti ní kí wọ́n hun ún sílẹ̀ de ìyàwó Àjàmú. Nígbà tí mo ròyìn ikú Àjàmú fún un, ó gbá mi létí. Ọjọ́ kẹta ló tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí Simbiat fi ṣe ìyàwó."

Bàbá fọwọ́ kan aṣọ náà. "Jímọ̀ tó ń bọ̀," ó wí, "ẹ pe Àfáà kó wá so yìgì."

Lọ́jọ́ yìgì náà, mo ró aṣọ ọ̀hún nínú yàrá. Mo kọ́kọ́ sunkún fún ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí, kí n tó nu ojú mi, kí n sì jáde lọ bá ọkọ mi.