Télọ̀ Tí Kò Bá Ẹnikẹ́ni Jẹun Mọ́

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí ìwé kékeré yìí tẹ̀ lọ́wọ́, mo kí ọ ní orúkọ Olúwa wa Jésù Kristi. Bóyá inú ọkọ̀ lo wà, bóyá o ń dúró de dókítà, bóyá ńṣe ni ẹnì kan fi í lé ọ lọ́wọ́ lójú títì tí o kò sì tíì ríbi sọ ọ́ nù sí. Mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìjókòó. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tó fún wa ní èémí nímú, tó sì fún wa ní ọ̀nà ọ̀fun tí omi ń gbà kọjá. Bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀, wàá mọ ìdí tí mo fi ń dúpẹ́ nítorí ọ̀nà ọ̀fun.

Télọ̀ kan wà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Bí ó bá rán ṣòkòtò fún ọ, wàá rò pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí. Ó ní ìyàwó kan àti ọmọbìnrin kan. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì. Ó sì ní ọ̀rẹ́ kan, alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti télọ̀, ọkùnrin ọlọ́yàyà kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Ní ọjọ́ kan, télọ̀ yìí rí ẹnì kan lórí fóònù tó ń sọ̀rọ̀ nípa ààwẹ̀ tuntun. Kì í ṣe ààwẹ̀ àdúrà o. Ààwẹ̀ ara ni. Ẹni tó bá ń gbà á kì í fi oúnjẹ kan ẹnu láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ló fi ń jẹun, lẹ́yìn náà ẹnu di títì pa. Gbogbo ayé ló ń ṣe é nígbà náà. Awakọ̀ ń ṣe é, olùkọ́ ń ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń ṣe é. Bí wọ́n bá pàdé ara wọn, dípò "Ṣé dáadáa ni?", "Wákàtí mélòó lo ti ṣe?" ni wọ́n ń bi ara wọn.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò sọ pé ààwẹ̀ burú. Olúwa wa pàápàá gbààwẹ̀. Bí dókítà rẹ bá sì ní kí o dín oúnjẹ kù, gbọ́ ti dókítà rẹ. Ohun tí ààwẹ̀ yìí dà nínú ọkàn télọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ikùn rẹ̀ fà sẹ́yìn lóòótọ́. Àràárọ̀ ló ń fi téèpù tó fi ń wọn oníbàárà wọn ìbàdí ara rẹ̀, tí á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí dígí. Ṣùgbọ́n bí ìbàdí ti ń tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ni ìgbéraga ń sanra. Ìyá kan wá wọn aṣọ, télọ̀ fa téèpù yí i ká, ó pòṣé. "Mọ́mì, téèpù mi fẹ́ẹ̀ má ká yín mọ́. Ẹ ò lè pa ẹnu mọ́ díẹ̀ ni?" Ìyá náà ká aṣọ rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn.

Nínú ilé ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, nídìí oúnjẹ alẹ́ ni ọmọbìnrin rẹ̀ ti máa ń ròyìn ilé ìwé, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ á sì parí ohunkóhun tó bá dun ara wọn. Nísinsìnyí, ó ń jókòó lọ́tọ̀ pẹ̀lú ife omi, ó ń wò wọ́n bí ọlọ́pàá ti ń wo olè.

"Dádì, ẹ wá jẹ díẹ̀," ni ọmọ náà á wí.

"Kò tíì tó àsìkò."

"Díẹ̀ péré ni, Dádì."

"Mo ní kò tíì tó àsìkò! Ṣé etí ẹ di ni?"

Ebi máa ń jẹ́ kí inú tètè bí i, kò sì gbà pé ebi ni. Nígbà tó ṣe, ọmọ náà kò pè é mọ́. Ìròyìn ilé ìwé náà sì tán.

Bí wọ́n bá pè é síbi ayọ̀, kò tíì tó àsìkò. Bí àlejò bá dé, kò tíì tó àsìkò. Àwọn ọmọ àdúgbò bá sọ ọ́ lórúkọ: Bàbá Kò-Tíì-Tó. Alágbàfọ̀ nìkan ni kò rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń yọ orí wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì àti tíì gbígbóná, bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́.

"Kò-Tíì-Tó, wá ká jẹun jàre."

"Kúrò níbẹ̀. Wo ikùn ẹ, ó ti fẹ́ẹ̀ bímọ."

"Tó bá bí i, ìwọ náà lo máa rán aṣọ fún un."

Alágbàfọ̀ á rẹ́rìn-ín, á dá jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú mọ́.

Télọ̀ kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ o. Ó mọ orin, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde àti ìgbà tí wọ́n ń jókòó. Kristi nìkan ni kò mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan tí wọ́n tẹ́ tábìlì Olúwa, àwo búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé àwo náà fún ẹni tó kàn.

"Bọ̀dá, ẹ ò mú," ni ẹni tó ń pín in rọra wí.

"Kò tíì tó àsìkò mi."

Ìyá arúgbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíjú wò ó, ẹnu rẹ̀ ò padé.

Nígbà tí wọ́n jáde, alágbàfọ̀ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọ̀rẹ́, Olúwa tẹ́ tábìlì, ìwọ ń wo aago?"

"Gbọ́ mi," ni télọ̀ dáhùn, "ẹni tó bá lè kó ọ̀fun ara ẹ̀ níjàánu, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló tún fẹ́ borí ẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ kiri lẹ nílò ìdáríjì."

Alágbàfọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí ga o," ló kàn wí. Ó sì ga lóòótọ́, torí ọkùnrin náà ti di olùgbàlà ara rẹ̀.

Wàyí o, télọ̀ ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà. Irin gbogbo ayé ni ẹ̀gbọ́n yìí ń jó pọ̀, ṣùgbọ́n okùn tó wà láàárín òun àti àbúrò rẹ̀ ti já láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá wọn, nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ burúkú na ara wọn lójú èrò. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Ó sì ń dun télọ̀. Bí ó bá ń gé aṣọ, tó rántí, sísọ́ọ̀sì á dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan kànkùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ni, ó gbé ìkòkò tí wọ́n fi aṣọ wé.

"Àbúrò, mo dé o. Ìrẹsì àti ẹja ni, bí màámi ti máa ń sè é. Ìyàwó mi ní kí òun bá mi sè é, mo ní rárá, ẹnu èmi ló ṣẹ̀, ọwọ́ èmi ni yóò sè é. Wá, jẹ́ ká jẹ ẹ́ pọ̀, kí ọ̀rọ̀ yẹn ó tán."

Ọkàn télọ̀ fò sókè. Omijé dé ojú rẹ̀. Ó nawọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ lọ sí aago ara ògiri, ọwọ́ náà sì padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ gbé e síbẹ̀ yẹn. Kò tíì tó àsìkò."

"Àsìkò kí ni?"

"Àsìkò tí mo ń jẹun. Ó di ọ̀sán."

"Ṣíbí kan, àbúrò. Ṣíbí kan ṣoṣo."

"Tí mo bá jẹ ṣíbí kan, gbogbo ohun tí mo ti ń bá bọ̀ látàná bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ó yé yín!"

Ìwọ tó ń kà á, o mọ ohun tó ń wá síni lọ́kàn bí ẹni tí a bá jà bá kọ oúnjẹ wa. Ojú ẹ̀gbọ́n yí padà. Ó ṣí ìkòkò, ó bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì níṣojú àbúrò rẹ̀.

"O rí i? N ò fi nǹkan sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe bẹ́ẹ̀—"

"Mo ti gbọ́." Ó dé ìkòkò, ó sì lọ.

Ó yẹ kí télọ̀ sáré tẹ̀ lé e. Ó tún wo aago. Lẹ́yìn náà inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Kí ló dé tí kò yé ẹnikẹ́ni? Kí ló dé tí gbogbo wọn ń fi oúnjẹ lé òun kiri? Ó gbá ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ kán. Nígbà tó pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n kò gbé e. Ó tún pè é lọ́jọ́ kejì, pàbó ni.

Kò pẹ́ sígbà náà, fóònù rẹ̀ dún lọ́sàn-án pé oúnjẹ yá. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn bí ìṣe rẹ̀, ó ń da oúnjẹ sẹ́nu bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Egungun ẹja há a lọ́fun, òkèlè sì dí i mọ́lẹ̀. Kò lè wúkọ́. Kò lè ké. Nígbà kan rí, ìyàwó rẹ̀ ì bá wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ì bá wà níbẹ̀, búrẹ́dì ì bá wà lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ gbogbo wọn kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lásìkò yìí. Ìyàwó rẹ̀, tó wá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án náà, gbọ́ tí nǹkan ṣubú, ó rò pé àga ni, kò sì fẹ́ kí ọkọ òun jágbe mọ́ òun.

Télọ̀ wọ́ dé ara ògiri, ó ń fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Lódìkejì, alágbàfọ̀ rò pé ó ń kan ìṣó ni. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí kíkàn náà ń rọlẹ̀. Ó ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì, ó fi èjìká já ilẹ̀kùn wọlé, ó sì fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ lù ú lẹ́yìn títí òkèlè fi jáde. Egungun kò jáde. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti yọ ọ́, ọ̀fun náà sì ti fàya, ó wú. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun títí yóò fi san. Omi ni wọ́n ń fà sí i lára.

Nígbà tí àsìkò ìbẹ̀wò bá tó, àwọn ẹbí á yí ibùsùn mìíràn ká pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, wọ́n á máa bẹ aláìsàn wọn pé kó jẹ ọ̀kan sí i. Télọ̀ á kọjú sí ògiri, á máa fi ẹ̀ṣẹ́ lu bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí kì í fẹ́ gbọ́ ló wá ń pa á lóùngbẹ: kí ẹnì kan kàn sọ fún un pé, "Wá jẹun."

Alágbàfọ̀ wá kí i. "Ẹ̀gbọ́n mi ò wá," ni télọ̀ fi ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ wí.

"Bóyá ó rò pé kò tíì tó àsìkò."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dun ọ̀fun rẹ̀, ó sì di ẹkún. Alágbàfọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọ̀rẹ́, n ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. O rántí bí mo ti rí nígbà tí mo ń mutí. O ti gbé mi nílẹ̀ rí. Kì í ṣe agbára mi ni mo fi kúrò níbẹ̀, Jésù ló yọ mí. Wo ọ̀fun tí o ní o ti kó níjàánu, egungun ẹja lásán ló mú un. O ò lè yọ ara ẹ. Ògiri lo ń kàn, ẹlòmíràn ló ní láti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọkàn rí. Jésù wá, ó kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, ó jíǹde, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kànkùn. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn, òun á wọlé, òun á bá a jẹun. Kò ní òun á wọlé wá fi téèpù wọn ìbàdí ẹ̀. Jẹun ló sọ."

Télọ̀ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Ó rí àwo búrẹ́dì tó gbé kọjá. Ó rí ìyá tó ká aṣọ rẹ̀ lọ. Ó rí ọmọ rẹ̀ tí kò ròyìn mọ́.

"Mo gbé àwo rẹ̀ kọjá," ló wí. "Ṣé á tún gbà mí?"

"Kò tíì ká tábìlì rẹ̀."

Nígbà náà ni télọ̀ gbàdúrà pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tó kù ú kù: "Olúwa, agbéraga ni mí. Mo ti sọ ara mi di ọlọ́run. N ò lè gba ara mi. Jésù, gbà mí." Kò sí ariwo, kò sí ìran. Ṣùgbọ́n ẹrù kan sọ̀ kalẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ tí téèpù kankan kò lè wọ̀n.

Nígbà tí wọ́n ní ó lè máa jẹ ohun rírọ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó se ìrẹsì fúnra rẹ̀. Ní àárọ̀, ó gbé ìkòkò lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Iná ń fò lára irin. Ẹ̀gbọ́n rí i, kò dáwọ́ dúró. Ó pẹ́ kó tó ṣí ìbòjú rẹ̀.

"Kò tíì tó àsìkò tèmi o. Mo ń ṣiṣẹ́."

"Màá dúró, sà."

Ó dúró. Ìkòkò ń jó o lọ́wọ́, oòrùn ń mú un lórí. Ẹ̀gbọ́n tún jó irin díẹ̀, ó tún wò ó, ó rí bí ọrùn rẹ̀ ti gbẹ. Ó pa ẹ̀rọ.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìrẹsì ni. Ó jóná díẹ̀ nísàlẹ̀." Télọ̀ kúnlẹ̀, ó ṣí ìkòkò, ó bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́ ní àárọ̀ tí kì í jẹun. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Mo tọ́ ọ wò. N ò fi nǹkan sí i."

Ẹ̀gbọ́n gba ṣíbí, ó jẹ, ó rún un lẹ́nu díẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Òótọ́ ni. Iyọ̀ gan-an o ò fi sí i."

Wọ́n jẹ ẹ́ débi tó jóná.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Ó lè máà jẹ́ ààwẹ̀ ni tìrẹ. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ rẹ, ìwé tí o kà, ọrẹ tí o ń fún aláìní. Ohunkóhun tí o bá gbẹ́kẹ̀ lé dípò Jésù, egungun kékeré kan yóò há a. Ọjọ́ mélòó sì ni Olùgbàlà ti kan ilẹ̀kùn rẹ, tí o ní kò tíì tó àsìkò? Tí mo bá gbéyàwó. Tí mo bá dàgbà. Tí ara bá rọ̀ mí. Ó ń dùn mí, ọ̀rẹ́ mi, torí mo ti sin àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Alágbàfọ̀ wà nítòsí lọ́jọ́ yẹn. Ta ló sọ fún ọ pé wàá tún lè kan ògiri lọ́la? Ó ti tó àsìkò. Òní ni. Níbi tí o jókòó sí yìí, sọ fún un pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́, kí o sì jẹ́ kí ó wọlé.

Kí Olúwa tó tẹ́ tábìlì fún ẹlẹ́ṣẹ̀ má ṣe jẹ́ kí àyè rẹ ṣófo níbẹ̀. Kí ó la ọ̀nà ọ̀fun rẹ fún ìyìn, kí ó tún ohun tó já láàárín ìwọ àti àwọn ènìyàn rẹ so, kí ó sì jókòó ti ìwọ àti ilé rẹ nídìí oúnjẹ, lónìí àti títí láé. Àmín.