Aláǹtakùn Onílẹ̀kùn

"Dókítà, kí ni aláìsàn rẹ ń ṣe lónìí?"

Akẹgbẹ́ ọmọbìnrin kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ló yọjú lójú fèrèsé, tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún gbogbo kíláàsì, gbogbo àdúgbò, àti bàbá tí ń ṣọ́ géètì pé dókítà lòun yóò dà. Ó kù kí ó kọ́kọ́ wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Kí ó tó lè wọ ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba àádọ́ta máàkì nínú ọgọ́rùn-ún nínú iṣẹ́ tí tíṣà bàólọ́jì fún wọn: kí kálukú ṣọ́ ẹ̀dá kan ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀.

Àwọn kan mú adìyẹ, àwọn kan mú aláǹgbá. Òun mú aláǹtakùn onílẹ̀kùn, nítorí pé orúkọ náà ń dún bí orúkọ oyè. Àṣé orúkọ nìkan ló dùn. Ẹ̀dá yìí gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, ó fi òwú ara rẹ̀ tẹ́ ògiri ihò náà, ó po erùpẹ̀ mọ́ òwú, ó fi ṣe ilẹ̀kùn tí kò ju ọmọrí ìgò lọ. Ó wọlé, ó pa á dé. Ó parí! Odindi ọjọ́ mẹ́rin, ọmọrí ni Dókítà ń wò.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó jókòó sínú yàrá rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Lónìí, aláǹtakùn mi jáde lọ gbafẹ́. Ó ta àwọ̀n ńlá sára ọgbà." Bí aláǹtakùn ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò nìyẹn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti gun igi, ó ti bá aláǹgbá jà, ó sì ti ṣẹ́gun.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin, tíṣà gba ìwé náà, ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìròyìn yìí dùn o. Ó yá, mú mi lọ wo àwọ̀n náà."

"Òjò ti... òjò ti gbá a lọ, mà."

"Òjò wo? Oṣù kejì rèé tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn."

"Ìrì ni mo fẹ́ sọ, mà."

"Ọmọ mi, irú aláǹtakùn yìí kì í ta àwọ̀n sára ọgbà. Inú ihò yẹn ló ti ń dàgbà, ibẹ̀ náà ló ti ń gbó. Ta lo wá ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí?"

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. Irọ́ mìíràn ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Irọ́ ni mo pa. N kò débẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ karùn-ún."

Tíṣà fa igi pupa sórí ojú ewé mẹ́rìnlélógún. "Ogójì máàkì ti lọ. Ọgọ́ta ló kù, àti ọ̀sẹ̀ méjì. Bí o kò bá rí nǹkan kan, kọ ọ́ pé o kò rí nǹkan kan."

Kí wọ́n tó lu agogo ìparí, orúkọ rẹ̀ ti kúrò ní Dókítà, ó ti di Oníròyìn.

Bàbá àgbà rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, tẹ̀ lé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó ní ilẹ̀kùn lòun wá wò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, egungun rẹ̀ ń dún.

"Háà! Kò kan ìṣó kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn yìí sì dé ju èyí tí mo ṣe sí ilé ara mi lọ."

"Bàbá àgbà, ẹ rọra. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa."

"Jẹ́ kí ó gbọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ wo ni kì í fẹ́ ìyìn?"

Fún ọjọ́ mẹ́jọ, "N kò rí nǹkan kan" ni ọmọbìnrin náà ń kọ. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ilẹ̀kùn gbé sókè díẹ̀, ẹsẹ̀ méjì yọ létí rẹ̀. Ìrẹ̀ kan ń fò bọ̀ jẹ́jẹ́. Wàì! Ilẹ̀kùn ṣí, aláǹtakùn yọ dé ìdajì ara, ó gbá ìrẹ̀ mú, ilẹ̀kùn sì padé. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ kíá.

Ní ọjọ́ kejì, ó dojú bolẹ̀, àyà rẹ̀ kan erùpẹ̀. Nígbà náà ló rí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí kò ju hóró àgbàdo lọ, méje, ní àyíká ilẹ̀kùn ńlá. Àwọn ọmọ ti kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá! Ó sáré pe tíṣà. Tíṣà kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀.

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gba ibí kọjá," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "N kò rí wọn rí."

Máàkì mẹ́tàléláàádọ́ta ló gbà. Ó wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ó fi mẹ́ta péré yè é.

Irọ́ yá kọ ju òótọ́ lọ, nítorí irọ́ kò ní kí á jókòó sórí àpótí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ròyìn ohun tí kò rí kò ní rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó bá lè kọ "n kò rí nǹkan kan" láìtijú, òun ni yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn bá ṣí.