Ẹni Tó Di Apá Kejì Tábìlì Mú

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró, mi ò bù mọ́ ọn. Ọ̀sán gangan ni, lójú igba èèyàn. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀.

Kíláàsì tíátà ni mo wà nílé ìwé girama. Eré ni mo fẹ́ máa ṣe, àmọ́ ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ, ni tíṣà wa bá ní kí n lọ máa gbé tábìlì. Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá náà kọ́ wa níṣẹ́ gan-an. Ó ní àwọn tó ń gbé ẹrù nínú òkùnkùn ló ni eré, ẹnu lásán làwọn tó kù ní.

Bí wọ́n bá pa iná láàárín ìran kan sí èkejì, a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ara tábìlì la fi ń sọ ọ́. Bí ẹnìkejì rẹ bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, gbé e. Lẹ́ẹ̀mejì, sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi ni mo máa ń fẹ̀yìn rìn. Ẹnìkejì mi, tá a ń pè ní Agùntáṣọọ́lò nítorí gíga rẹ̀, ló máa ń kọjú síwájú. Òun náà ló ń ti ìlẹ̀kùn ihò àárín ìtàgé, níbi tí òṣèré kan máa ń fi àkàbà gbà bọ́ sísàlẹ̀ nínú ìran kìíní. Ihò náà jìn ju ìdúró èèyàn méjì lọ, irin ló sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orí ìlẹ̀kùn yẹn ni mò ń fẹ̀yìn gbà kọjá.

Lọ́jọ́ eré, a fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé. Wọ́n pa iná. Mi ò rí ọwọ́ ara mi.

Mo di tábìlì mú. Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé e. Ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé Agùntáṣọọ́lò mà jẹun yó lónìí.

Mo ń fẹ̀yìn rìn, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin.

Tábìlì dúró gbagidi. Mo fà á, kò mira. Atẹ́gùn tútù kan ń fẹ́ sí mi ní gìgísẹ̀. Wọ́n wá kan tábìlì náà lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ẹ̀ẹ̀mẹta rí. Mo dúró.

Iná tàn. Tábìlì ti wà nílẹ̀, èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Gìgísẹ̀ mi wà létí ihò, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òṣèré tó ń wọlé bọ̀ fẹsẹ̀ tì í pa bí ẹni pé ara eré ni. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Mo bá Agùntáṣọọ́lò lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, ó jókòó, ó fi aṣọ dí imú.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú mi látìgbà ìran kìíní. Mi ò ráyè ti ihò yẹn."

"Ta ló wá bá mi gbé tábìlì?"

Ó wò mí. "Ṣé o gbé e ni?"

Mo sọ ọ́ sétí tíṣà wa. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"'Dúró' ni ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ti pẹ́ tá a ti pa á tì," ó ní. "Èmi ni màá bá ọ gbé e kúrò."

Wọ́n tún pa iná. Mo táràrà dé ìdí tábìlì. Apá kejì ti gbéra nílẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Àmọ́ ọpẹ́ inú mi ju ẹ̀rù lọ. Ìyá mi wà láàárín àwọn tó ń wòran, ní ìlà kejì. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ yìí, òkú mi ni wọn ì bá gbé fún un. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo rú òfin ìtàgé.

"Ẹ ṣeun," mo ní. Mo fi ọ̀wọ̀ kún un, nítorí mi ò mọ ẹni tó dàgbà jù nínú àwa méjèèjì.

A jọ gbé e wọlé. Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Iná tàn. Tíṣà wa wà láàárín ìtàgé lọ́hùn-ún, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ṣì ń wá tábìlì.