Ìda Tí Ó Wà Láàárín Wọn

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni ọkùnrin kan gbé àwọ̀n ìbojú tí ó ya wọ ilé ìránṣọ kan ní òpópónà tí wọ́n ti ń ta bọ́tìnnì. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kejì, bí ẹ̀gbọ́n aránṣọ ti fẹ́ràn láti máa wí. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ti dé nígbà náà, awọ ara gbogbo ènìyàn sì ń sán bí ilẹ̀ tí òjò kọ̀ sílẹ̀.

Ọkùnrin náà kí aránṣọ, aránṣọ kò lè dáhùn, nítorí pé abẹ́rẹ́ bíi mélòó kan wà láàárín ètè rẹ̀. Bí ó ti máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, òun náà ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́-lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó ń lọ aṣọ nídìí tábìlì kejì, ni ó bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àbúrò mi kò yadi, iṣẹ́ ni ó kún ẹnu rẹ̀. Kí ni ẹ mú wá yìí? Ṣé ìbojú ìyàwó ni?"

"Ìbojú oyin ni," ni ọkùnrin náà fèsì. "Olóyin ni mí. Bí ihò yìí bá fi lè wà níbẹ̀ di ọ̀la, imú mi yóò wú ju orí mi lọ."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni ó dá wàhálà sílẹ̀: ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Ó tu abẹ́rẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fa agolo ìpara kékeré kan yọ, ó sì fi pa ètè.

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n rí i," ni Olóyin wí. Ó gba agolo náà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ bí ẹni tí ń ka ìwé ìpẹ̀jọ́. "Káńfọ̀. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Òórùn àtọwọ́dá. Ṣé ó máa ń ta yín?"

"Ó máa ń ta mí, a sì máa tutù. Àmì pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

"Iṣẹ́ wo? Ó ń bí awọ ètè yín nínú ni. Bí ó bá sì gbẹ ẹ́ tán, ẹ ó tún padà lọ pa á. Ẹni tí ó bá ń pọn omi sínú agbọ̀n kò ní sinmi."

Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé àwọ̀n ni ẹ wá tún ṣe ni, tàbí ètè?"

"Méjèèjì, bí wọ́n bá gbà fún mi."

Nígbà tí ó padà wá gba àwọ̀n rẹ̀, ó mú agolo tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìda láti inú àpótí oyin rẹ̀ ni ó yọ́ pọ̀ mọ́ òrí àti òróró àgbọn. Kò fi òórùn kankan sí i, kò sì fi àwọ̀ sí i. Ó kọ ọ́ sí orí ìdérí rẹ̀ pé: *Ti Abẹ́rẹ́-lẹ́nu*.

"Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹnu kò lè jẹ," ni ó wí. "Ẹ sì jẹ́ kí ahọ́n sinmi pẹ̀lú. Ètè tí a bá ń lá kì í rọ̀."

Aránṣọ sọ agolo àtijọ́ nù ní ìṣojú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí àwọ̀n Olóyin kì í ya. Ẹ̀gbọ́n a sì máa bi í léèrè pé, "Ṣé oyin tiyín ní èékánná ni?" Olóyin a rẹ́rìn-ín, a jókòó sórí àpótí òwú, a máa sọ nípa àwọn àpótí oyin tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú: èyí tí ó ní sùúrù, èyí tí ó ní ìbínú, èyí tí ó ń ṣe ọ̀lẹ bí ìjòyè. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lọ́kàn bí òwú ti í wọ ojú abẹ́rẹ́: ó kọ́kọ́ kọ̀, ó tẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì rọrùn bí ẹni pé kò kọ̀ rí.

Lẹ́yìn ilé, níbi okùn tí aránṣọ ń sá aṣọ sí, ni Olóyin ti kọ́kọ́ fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Òórùn ìda àti ti èéfín wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí òórùn ìda bá ti kan imú aránṣọ, ọkàn rẹ̀ a gbéra sọ.

Yíyún ni ó kọ́kọ́ dé. Etí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń bó. Ó di ẹ̀bi náà ru ata. Ó fi ata sílẹ̀. Ó di í ru ọṣẹ ìfọyín. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní agolo àtijọ́ ni ó fi májèlé sílẹ̀ fún òun. Bí ó bá sì ti dá ẹjọ́ tán, ìpara Olóyin ni ó ń bù sí i. Ọ̀tá tí ń bá a jà gan-an ni ó ń sá di.

Ní àkókò náà ni Olóyin mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ṣíbí onígi lé e lọ́wọ́ nídìí ìkòkò ìda gbígbóná.

"Nínú ilé wa, ìyàwó ni í da ìda," ni ó wí. "Èmi ni mo dà á fún bàbá wọn títí wọ́n fi lọ. Dà á, kí n wo ọwọ́ rẹ, ọmọ mi."

Aránṣọ dà á, kò sì ta á sílẹ̀. Ooru ìda náà bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú ìyá dùn, inú Olóyin dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìpéǹpéjú aránṣọ kò ṣí mọ́, ètè rẹ̀ sì wú bí búrẹ́dì tí a rẹ sínú omi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Dókítà lẹ oríṣiríṣi nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn láti mọ èyí tí ara rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí ó ṣí wọn, ibi tí ó fi káńfọ̀ sí mọ́ tónítóní. Ibi tí ó fi ìda sí, àti ibi tí ó fi oje tí oyin fi ń dí ihò ilé rẹ̀ sí, ni ó lé, tí ó sì pọ́n.

"Ṣùgbọ́n ohun àdánidá ni," ni aránṣọ wí.

"Iná náà, ohun àdánidá ni," ni dókítà fèsì. "Káńfọ̀ yẹn kò dára fún ètè tí ó là, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lè má bá ara tiyín mu. Ẹ yẹra fún ìda. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo ohun tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ ní sùúrù."

"Wàá sọ fún un lónìí," ni ẹ̀gbọ́n wí nígbà tí wọ́n ń lọ sílé.

Kò sọ ọ́. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Olóyin ti ń ṣe ìpara náà tà: agolo tí orúkọ aránṣọ wà lórí rẹ̀ ti dé ilé ìtajà oògùn, àwọn obìnrin sì ń béèrè fún *Ti Abẹ́rẹ́-lẹ́nu*. Bí ó bá la ẹnu, ọ̀kan nínú méjì ni: kí Olóyin kọ òun, tàbí kí ó kọ oyin. Kò mọ èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ bà á jù. Nítorí náà, bí ọkùnrin náà bá ti sún mọ́ ọn, a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀wọ́n mi, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan."

"Ògiri ni ò ń wò."

"Iṣẹ́ ni mo ń rò."

Olóyin tẹ́ àwọ̀n rẹ̀ sórí tábìlì. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀. "Kò ya lónìí," ni ó wí. "Mo kàn wá wò ọ́ ni." Ó fi kún un pé, "Òdòdó ti ń yọ ní ọ̀nà jíjìn. N ó kó àwọn àpótí lọ síbẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí n dúró, wí i."

Aránṣọ kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Olóyin ká àwọ̀n rẹ̀, ó sì lọ.

Àsìkò òjò bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ dán òrí nìkan wò ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, ara rẹ̀ gbà á. Ó fi pa ètè, ètè san. Ọkàn ni kò san. Agolo Olóyin wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, lábẹ́ òwú. Nígbà mìíràn a ṣí i, a nà án jìnnà sí ara rẹ̀, a sì wò ó láti òkèèrè bí ẹni tí ń wo inú kànga. Òórùn rẹ̀ a dé bá a níbẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n, pẹ̀lú èéfín. A pa á dé. Bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ wo ojú fèrèsé.

"Aṣọ ni kí o máa wò," ni ẹ̀gbọ́n a wí. "Apá méjèèjì tí o rán yìí, òsì ni méjèèjì."

Ìyá Olóyin ni ó wá níkẹyìn, pẹ̀lú àwọ̀n tí ó ti ya dé ọrùn. Ó jókòó, kò gba omi tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

"Ọmọ mi kò jẹun bí ènìyàn mọ́. Ó ní àwọ̀n yìí kò yẹ ní títún ṣe. Èmi sì wo ihò yìí, mo ní kì í ṣe oyin ni ó dá a. Kí ni ẹ fi ṣe ara yín?"

Ibẹ̀ ni aránṣọ ti jẹ́wọ́. Ìyá gbọ́ ọ dé òpin.

"Ilé wa, ilé oyin ni," ni ó wí. "Inú mi kò dùn sí ohun tí mo gbọ́ yìí, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo ti ń wá ẹni tí yóò gba ṣíbí yẹn lọ́wọ́ mi." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kò tíì kán. Ètè tí ọ̀rọ̀ náà kàn kì í sì í ṣe tèmi. Sọ ọ́ fún un fúnra rẹ. N kò ní bá ọ sọ ọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni Olóyin dé, tààrà láti ìdí oyin.

"Ẹ dúró níbẹ̀ ná," ni aránṣọ wí, kí ó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. "Bí ẹ bá sún mọ́ mi, n kò ní lè sọ ọ́."

Ó dúró. Aránṣọ sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ojú tí ó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pa mọ́. Nígbà tí ó parí, Olóyin fa agolo kan yọ nínú àpò, ó sì wo orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀.

"Mo ń fi ọwọ́ ara mi pa ọ́ lára, mo sì ń kọ orúkọ rẹ sí i."

"Ẹ kò mọ̀."

"Ìwọ mọ̀, o kò sì wí. Èyí ni ó dùn mí jù. Gbogbo àsìkò òjò ni mo fi ń bi ara mi léèrè ohun tí mo ṣe."

"Ẹ̀rù ni ó bà mí. Ẹ foríjì mí."

Olóyin mí kanlẹ̀. "Ẹnìkan ti ń bẹ̀ mí pé kí n ta àwọn àpótí náà fún òun. N ó tà wọ́n fún un."

Inú aránṣọ dùn, ìdùnnú náà sì bà á lẹ́rù. *Ẹ ṣeun* kan ṣoṣo, ọkùnrin yìí yóò wọlé, kò sì ní sí ohunkóhun láàárín wọn mọ́. Ó ti fi ètè mú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ tí ó di agolo náà mú, tí títa oyin ti sọ di ọwọ́ bàbá rẹ̀.

"Rárá," ni ó wí. "Bí ẹ bá tà wọ́n, nígbàkígbà tí mo bá rẹ́rìn-ín, ètè tí ó jẹ oyin bàbá yín ni ẹ ó máa wò."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé. Ẹ wẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fún wọn ní ọṣẹ tí kò ní òórùn."

"Ọṣẹ ń bẹ," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kí wọ́n fọ irùngbọ̀n yẹn dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀tá sá pamọ́ sí."

Ó padà wọlé nínú aṣọ oníbàárà kan tí kò wá gba ẹrù rẹ̀, ṣòkòtò náà sì mọ ní orúnkún. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Aránṣọ mú okùn ìwọ̀n, ó sì sún mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ẹ̀ẹ̀rùn. Ó wọn ọrùn. Ó wọn àyà. Ó wọn èjìká lẹ́ẹ̀mejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ti pé.

"Kí ni o fẹ́ rán?"

"Ẹ̀wù ilé, tí kò ní fojú kan oyin láéláé. Ẹ̀yìn ilé ni ẹ ó ti máa bọ́ ti oko sílẹ̀. Ẹ ó wẹ̀, ẹ ó wọ èyí, kí ẹ tó pè mí."

"Ìda ńkọ́?"

"Màmá ní ọwọ́ wọn kò tíì kán."

"Ìyẹn ni pé o gbà láti—"

"Ẹ má mira. Ẹ ó ba ìwọ̀n jẹ́."

Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, ó sì mú àlùmọ́gàjí. Aṣọ tí a bá ti gé kò tún ṣeé dà padà sí odindi. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó sì gé e.