Kásẹ́ẹ̀tì Kò Lẹ́nu

"Ìyádùnní! Ìyádùnní! Ọmọ yìí, ṣé o ti sùn lọ ni?"

Ìgbà kẹta nìyẹn tí Ìyáàfin Adébímpé pe ọmọ rẹ̀ láàárín òkìtì bàsíà àti kẹ́ẹ̀gì tó kó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Deco Road nílùú Warri. Ìyádùnní jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí títì, ó ń kàwé. Àfìgbà tí ìyá rẹ̀ gbá a léjìká ló tó fò dìde.

"Mà!"

"Mà ti kín ni? Mo ní kí o gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta wá fún oníbàárà. Oníbàárà ti bínú lọ!" Ìyádùnní gbójú lé ẹnu ìyá rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Ohun tó tún wá dá kún ìbínú ìyá nìyẹn. "Ẹ wò ó! Ó tún ti ń wo ẹnu mi! Ṣé ẹ̀fọ́ ló há sí mi léyín ni? Ọmọ gidi wo ló ń ranjú mọ́ ìyá rẹ̀ báyìí tí wọ́n bá ń bá a wí? Rẹ ojú ẹ sílẹ̀!"

Ìyádùnní rẹ ojú sílẹ̀. Bí ojú ṣe kúrò lára ẹnu ni ìdajì ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọnù. Ó ń gbọ́ ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ariwo ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó kàn ń mirí ṣáá. Mímirí yìí ti di iṣẹ́ fún un láti bí ọdún kan.

Ìjà ìlú Warri ló fà á. Nígbà tí ìjà náà gbóná ní ọdún 2003, nǹkan abúgbàù kan bú lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń gbé nígbà náà, níbi tí Ìyádùnní ti ń sá aṣọ. Ó ṣubú lulẹ̀, ó dìde, kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan lára rẹ̀. Àmọ́ etí rẹ̀ méjèèjì ń han gooro fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n sá lọ sí Ekpan nítòsí, sí yàrá kan ṣoṣo nílé ará Ìjẹ̀bú kan. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí. "Ẹ bá mi yin Olúwa! Irun kan ṣoṣo kò já lórí wa!" Gbogbo ìjọ hó yèè. Ìyádùnní dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí ń han, ó ń rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò wá la ẹnu ba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jẹ́? Ó rò pé híhan etí náà yóò lọ fúnra rẹ̀.

Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lọ lásán. Gbogbo ìró wẹ́wẹ́ tí ètè, eyín àti ahọ́n máa ń pa, bíi ti f àti s àti t, ló gbé lọ. Ìró ńlá àti ohùn nìkan ló ṣẹ́kù. Bí èèyàn bá sọ Yorùbá, Ìyádùnní á tẹ̀ lé bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, á fi ojú ṣọ́ ẹnu, á sì mọ ohun tí wọ́n sọ. Bí wọ́n bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, tó kó ìró wẹ́wẹ́ jọ sí ìparí ọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo. Báyìí ni ọmọ tó jẹ́ pé láti kékeré, Píjìn ló fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn, ṣe ṣàdédé di ẹni tó fẹ́ràn Yorùbá. Inú ìyá dùn kọjá ààlà. Gbogbo ìpàdé ọmọ Ìjẹ̀bú ló ti ròyìn rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ mi!" Kò bi ara rẹ̀ léèrè rárá pé kí ló dé.

Rosemary nìkan ló mọ̀. Ọmọ Urhobo ni, ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí ní kíláàsì, òun sì ni igbákejì olórí akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti sú u. "Tell your mama! You dey hear me? Tell your mama!" Ìyádùnní á wo ẹnu rẹ̀, á sì mirí.

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì alátẹ́tísí ni wàhálà dé sí. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń ṣe é: ohùn kan á máa pe ọ̀rọ̀ láti inú rédíò, akẹ́kọ̀ọ́ á máa mú ìdáhùn láti A dé D. Nínú kíláàsì, Ìyádùnní máa ń jókòó síwájú, á tẹjú mọ́ ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Morákinyọ̀ tó ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kò lẹ́nu. Ilé ìwé sì ti kéde pé ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìgbáradì yìí, àwọn kò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ti àṣejáde.

"Bá mi ṣe é," Ìyádùnní bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Rosemary kọ̀, ó kọ̀, ó wá gbà pẹ̀lú ìbínú. Lọ́jọ́ ìdánwò, iwájú Ìyádùnní ni yóò jókòó sí. Bó bá jẹ́ A, á fọwọ́ kan orí, B, á fọwọ́ kan etí, C, ọrùn, D, èjìká.

Lọ́jọ́ ìdánwò, kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ ń dún gbàgàgbàgà lẹ́yìn fèrèsé. Ìyádùnní kò tilẹ̀ fetí sí rédíò mọ́. Ẹ̀yìn Rosemary ló ń wò. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí èèrà kan fi gun Rosemary lọ́rùn. Ó fọwọ́ gbá ọrùn, Ìyádùnní kọ C. Ó tún gbá a, Ìyádùnní tún kọ C. Èèrà yìí kò lọ bọ̀rọ̀! Ọ̀gbẹ́ni Morákinyọ̀ ń rìn kọjá, ó wo ìwé Ìyádùnní, ó sì dúró. Kásẹ́ẹ̀tì wà ní ìbéèrè kẹtàdínlógún. Ọmọ yìí ti dáhùn dé ogún.

Ó pa rédíò. "Ìyádùnní, báwo lo ṣe mọ ohun tí kásẹ́ẹ̀tì kò tíì sọ?"

Ìyádùnní rẹ ojú sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó sì mirí.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ pariwo, "Ó ń mirí! Mo bi ọ́ léèrè báwo, o ń mirí! Olúwa ò, irú àwọn ọmọ wo rèé?" Olùkọ́ gba ìwé àwọn méjèèjì, ó fà á ya, ó ní kí wọ́n mú ìyá wọn wá lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Rosemary wà lóko, kò ráyè wá. Ìyáàfin Adébímpé ní tirẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì wá tìbínú-tìbínú. Ọ̀gbẹ́ni Morákinyọ̀ ṣàlàyé, lẹ́yìn náà ó yíjú sí Rosemary. "Ìwọ tí a fi ṣe aṣíwájú lo bá a gbé ọgbọ́n jìbìtì yìí kalẹ̀. Orúkọ tìẹ ni màá kọ́kọ́ yọ nínú ìdánwò."

Ìyádùnní rí gbogbo rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́. Ó wo Rosemary. Omi ń bọ́ lójú Rosemary, ṣùgbọ́n kò yanu. Ó ń pa àṣírí tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

"Sà, ẹ má yọ ọ́," Ìyádùnní sọ. "Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Etí mi ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tí nǹkan yẹn bú lẹ́yìn ilé wa."

"Irọ́!" ni ìyá rẹ̀ kígbe. "Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá ju ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ! Ẹ má dá a lóhùn jàre."

Ọ̀gbẹ́ni Morákinyọ̀ dìde. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ìwé bo ẹnu, ó sì béèrè ní Yorùbá, "Ta ló bá ọ wá sí ilé ìwé lónìí?"

"Màmá mi ni, sà."

"Ẹ ò rí i!" ni ìyá rẹ̀ wí.

Olùkọ́ kò gbé ìwé kúrò. Ó pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá, ó ní kí ọmọ náà máa tún un pè. Méjì péré ló gbà. Ó wá gbé ìwé kúrò lẹ́nu, ó pe mẹ́wàá mìíràn. Mẹ́jọ ló gbà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ètè olùkọ́.

Olùkọ́ gbé ìwé kalẹ̀, ó yíjú sí ìyá.

"Mà," olùkọ́ wí jẹ́jẹ́, "ohùn Yorùbá ló ń tẹ̀ lé. Àwọn ìró kéékèèké kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹnu èèyàn ló ti ń fi ojú wá wọn."

Ìyáàfin Adébímpé jókòó wọ̀ọ̀. Ó rántí gbogbo ìgbà tó ti ní kí ọmọ rẹ̀ rẹ ojú sílẹ̀. Ìbínú ló kọ́kọ́ jáde. "Ọdún kan gbáko! Mo ń pariwo lé ọ lórí, mo ń gbá ọ léjìká, o kò lè la ẹnu! Ta ló bẹ̀ ọ́ pé kí o bá mi ṣọ́ ẹ̀rí?" Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ó sì fa ọmọ náà mọ́ra.

Nílé ìwòsàn, dókítà sọ ohun tó dùn wọ́n jù: ká ní wọ́n ti tètè wá lọ́sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, bóyá òun ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Ní báyìí, ẹ̀rọ agbóhùnsétí ni wọn yóò wá. Ilé ìwé kò yọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Rosemary pàdánù ipò rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fọ gbọ̀ngàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n tún ìdánwò ṣe, Ọ̀gbẹ́ni Morákinyọ̀ kà á sójú Ìyádùnní láìsí kásẹ́ẹ̀tì. Mẹ́tàlélógún ló gbà nínú ogójì. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohun kan bá ń ṣe yín, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó ni yín, kódà bí inú wọn bá ń dùn lọ́jọ́ náà. Bí ẹ kò bá gbọ́, ẹ má mirí. Ìyádùnní dákẹ́ kó má ba ayọ̀ ìyá rẹ̀ jẹ́; ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ló gba ìtọ́jú mọ́ ọn lọ́wọ́, òun náà ló sì gba ipò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ariwo kò tán ní ṣọ́ọ̀bù o. "Mo ní bàsíà pupa! Gbójú sókè, wo ẹnu mi! Àbí èyí tún kọjá etí, ọ̀lẹ lò ń ṣe?" Bàbá àgbàlagbà kan tó wá ra kẹ́ẹ̀gì mirí. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Ẹ wo bó ṣe ń ranjú mọ́ ìyá rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ó wo ẹnu mi, bàbá," Ìyáàfin Adébímpé dáhùn. "Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ mi."